Dídán Sákíìtì Wò Lórí Linux: Ojú Pọ̀, Ẹ́ńjìnì Ò Pọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì ilẹ̀ wa kì í pẹ́ mọ orúkọ Proteus àti Multisim. Àwọn ni àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ni, inú wọn ni iṣẹ́ àṣekágbá wà, ẹ̀dà tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń ti orí fìláàṣì kan bọ́ sórí òmíràn láti yàrá dé yàrá. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá kó kúrò lórí Windows lọ sórí Linux, bóyá nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ti ba gbogbo fáìlì rẹ̀ jẹ́, bóyá nítorí pé láàpútọ́ọ̀pù àlòkù tó rà ò lè gbé Windows tuntun, ọjọ́ náà ló máa mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bá òun dé ibẹ̀. Windows ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èwo ló dà bíi Proteus níbí?"

Ìbéèrè yẹn ló ń mú èèyàn rìn gbéregbère. Ẹni tó bá ń wá ojú tó jọ ojú tó mọ̀ á gbé ètò mẹ́wàá wọlé, á tún yọ wọ́n dànù, dátà á sì tán. Ohun tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni ohun tó fẹ́ mọ̀ lára sákíìtì tó wà níwájú rẹ̀. Ṣé iye fóltì tó máa dé ẹnu rẹ́gúlétọ̀ ló fẹ́ mọ̀ ni? Ṣé ó fẹ́ rí i bí gílóòbù LED ṣe ń tàn tó ń kú bí kóòdù Arduino bá ti ń sọ? Ṣé ọ̀rọ̀ òdo àti ení lásán ni? Lórí Linux, kò sí ètò kan ṣoṣo tó gbé gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan. Wọ́n pín iṣẹ́ ṣe ni. Ohun kejì tí wọn kì í tètè sọ fún un ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ tí wọ́n máa kà sí i létí, ojú lásán ni wọ́n. Lábẹ́, ẹ́ńjìnì kan náà ló ń ṣe ìṣírò fún wọn, ẹ́ńjìnì yẹn sì ti pé àádọ́ta ọdún kọjá.

Yunifásítì California ní Berkeley ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀wádún 1960 ń parí lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ronald Rohrer ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì òun para pọ̀ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà lè fi dán sákíìtì wò. Laurence Nagel wà lára wọn. CANCER ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe, bí wọ́n bá sì tú orúkọ yẹn palẹ̀, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé ètò náà ò ka ti ìtànṣán olóró mọ́ ọn. Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, àbùkù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ètò irú rẹ̀ tó wà nígbà náà, owó iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló gbé wọn ró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí sákíìtì máa ṣe bí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá bú nítòsí. Àwọn ọmọ Berkeley ní tàwọn ò sí níbẹ̀. Ní 1973, Nagel àti Donald Pederson tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ gbé èyí tó rọ́pò rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní SPICE. Ẹ̀dà kejì dé ní 1975. Ẹ̀dà kẹta, tí Thomas Quarles fi èdè C tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀wádún 1980 tó parí.

Pederson ò fi ètò náà pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá gbà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní Berkeley gbé e lọ sí iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́, àwọn iléeṣẹ́ náà sì tún un ṣe lọ́nà tiwọn. PSpice tó jáde ní 1984 fún kọ̀ǹpútà kékeré ti IBM, ibẹ̀ ló ti wá. Multisim, ibẹ̀ ló ti wá. Kódà apá tó ń ṣe ìṣírò fóltì àti kọ́rẹ́ǹtì nínú Proteus, orí SPICE kẹta ti Berkeley ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹni tó ń sunkún pé òun ti fi Proteus sílẹ̀ ò tíì kúrò nílé bàbá rẹ̀ rárá.

Èyí tó jẹ́ ti gbogbo ayé lórí Linux ni ngspice. Láti ara ẹ̀dà kẹta ti Berkeley ló ti hù, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń tọ́jú rẹ̀ di òní. Kò lójú tó rẹwà. Àṣẹ kan péré ló ń gbé e wọlé lórí Ubuntu tàbí Debian: `sudo apt install ngspice`. Kò wúwo, kì í sì í jẹ dátà. Tí ẹ bá ṣí i, ẹnu ọ̀nà dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí ni ẹ máa bá, kò sí àwòrán rẹsítọ̀, kò sí wáyà tí ẹ máa fi asin fà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ dúró. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sákíìtì kékeré kan sínú ngspice lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ojú ẹlẹ́wà kankan tó máa tún lè fi irọ́ bò ó lójú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo oníṣẹ́ rédíò mọ̀: tàràǹsífọ́mà tó sọ iná 220 di fóltì 12, dáyóòdù mẹ́rin tí wọ́n fi ṣe afárá, kapásítọ̀ ńlá kan, àti ẹrù tó ń jẹ nǹkan bí ààbọ̀ áńpíà. Lẹ́yìn wọn ni rẹ́gúlétọ̀ 7812 máa jókòó. Fáìlì tí ngspice fẹ́ rèé, bó ṣe yẹ kó rí:

```
* afara dayoodu merin
V1 a b SIN(0 17 50)
D1 a p DD
D2 b p DD
D3 0 a DD
D4 0 b DD
C1 p 0 1000u
R1 p 0 30
.model DD D
.tran 0.1m 200m
.end
```

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́: V ni orísun fóltì, D ni dáyóòdù, C ni kapásítọ̀, R ni rẹsítọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé orúkọ ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. D1 fi ẹsẹ̀ ìwọlé kan a, ó fi ẹsẹ̀ ìjáde kan p. Ẹ tọpa wọn pẹ̀lú ìka, ẹ máa rí afárá náà. Òdo ni ilẹ̀, gbogbo sákíìtì ló sì gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀. Bí kò bá sí, ètò náà ò ní mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn fóltì, á sì kọ̀ jálẹ̀. Ó lè yani lẹ́nu pé 17 ló wà nínú ìlà V1 dípò 12. Fóltì 12 tí wọ́n kọ sára tàràǹsífọ́mà, ìwọ̀n tí mítà ń kà ni. Ṣóńṣó ìgbì rẹ̀ ń lọ dé nǹkan bíi 17, ṣóńṣó yẹn sì ni SPICE ń béèrè. 50 ni iye ìgbà tí iná wa ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìlà tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ yẹn ni pàkúté tó pa èèyàn jù. Láti ayé tí wọ́n ti ń lu ètò sórí káàdì páálí, ìlà àkọ́kọ́ ni àkọlé, ohun yòówù kó wà níbẹ̀, SPICE ò ní kà á mọ́ sákíìtì. Ẹni tó bá fi V1 rẹ̀ sí ìlà kìíní ti sọ orísun iná rẹ̀ nù; á tẹ àṣẹ, ìlà pẹrẹsẹ kan á jáde, á wá máa bú ètò náà. Pàkúté kejì ni lẹ́tà M. SPICE ò mọ ìyàtọ̀ láàárín M ńlá àti m kékeré: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni méjèèjì lójú rẹ̀. Rẹsítọ̀ 1M tí ẹ rò pé ó jẹ́ mílíọ̀nù óòmù kan ti di wáyà lásán. MEG ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fáìlì náà pamọ́ bí afara.cir, ẹ tẹ `ngspice afara.cir`, kí ẹ wá tẹ `run`, lẹ́yìn náà `plot v(p)`. Ojú fèrèsé kan á ṣí, ìlà kan á yọ nínú rẹ̀: á sáré gòkè dé nǹkan bíi fóltì 15, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á tún fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe lọ. Ẹ wo ibi tó rẹlẹ̀ jù. Nǹkan bíi 12 ni. Rẹ́gúlétọ̀ 7812 sì ń fẹ́ kí ohun tó wọlé sí i fi nǹkan bíi fóltì méjì ju 12 tó ń gbé jáde lọ, ìyẹn ni pé 14 ló yẹ kó kéré sí mọ. Kapásítọ̀ 1000 yìí ò tó. Ẹ yí i sí 2200u, ẹ tún un tẹ̀: isàlẹ̀ ìgbì náà sún mọ́ 14, àmọ́ kò dé e. Ẹ gbé e dé 4700u, ó dé e, ó fi díẹ̀ lé. Ẹni tí ò ní kọ̀ǹpútà ì bá ti ra kapásítọ̀ mẹ́ta, ì bá ti jó lẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó sì máa mọ̀ kò ju pé rédíò òun ò hùn mọ́.

A ò tíì sọ̀rọ̀ nípa NEPA o. 220 ni a fi ṣe ìṣírò yìí, ta ló sì ń rí 220 lójoojúmọ́? Bí iná bá já sí 180, 17 inú ìlà V1 á di nǹkan bíi 13.9. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ `run`. Òkè ìgbì náà pàápàá ò dé 14 mọ́, kò sì sí kapásítọ̀ tí ẹ lè fi síbẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, tó lè ṣẹ̀dá fóltì tí kò wọlé. Tàràǹsífọ́mà ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ sí fóltì 15, tí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 21. Òun lè fara da 180. Àmọ́ nígbà tí iná bá tún wá dé 240 lóru, fóltì orí kapásítọ̀ á kọjá 21, á máa sún mọ́ 25 tí wọ́n kọ sára èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ ra ti 35. 7812 fúnra rẹ̀ á máa gbóná nígbà yẹn, nítorí gbogbo fóltì tó lé lórí 12 lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń di ooru. Ẹ má ṣe dè é láìsí irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú gbogbo èyí ni pé kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó béèrè ojú ẹlẹ́wà. Fáìlì onílà mọ́kànlá ló sọ ọ́.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Òfin Gustav Kirchhoff tó jáde ní 1845 ni ìpìlẹ̀: iye kọ́rẹ́ǹtì tó wọ oríta kan gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó jáde níbẹ̀. Ètò náà kọ ìṣírò kan fún oríta kọ̀ọ̀kan, ó to gbogbo wọn sínú tábìlì nọ́ńbà kan, ó sì yanjú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ rẹsítọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti parí. Dáyóòdù ló ń fa wàhálà, nítorí kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀ kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóltì orí rẹ̀. Ó máa ń dákẹ́, dákẹ́, ó wá máa ń ya lójijì. Kò sí bí a ṣe lè yanjú irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ètò náà a méfò fóltì kan, a wo bí ọ̀nà dáyóòdù ṣe tẹ̀ síbẹ̀, a fi ìlà tó tọ́ rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a yanjú tábìlì, a tún méfò, bí ẹni tó ń yí kọ́ńbù rédíò kọjá ibùdó kan tó tún ń dá a padà títí ohùn fi máa já gaara. Tí ìdáhùn tuntun bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí ìyàtọ̀ ò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, á gbà pé òun ti dé ibẹ̀. Gbogbo èyí fún ìṣẹ́jú kan tó kéré jọjọ. Á wá rìn síwájú díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ń rìn síwájú yẹn kì í dọ́gba. Níbi tí nǹkan bá ti rọ̀ wọ́ọ́rọ́, á fẹsẹ̀ gùn. Níbi tí dáyóòdù bá ti fẹ́ ṣí, á kó ẹsẹ̀ jọ. Tí ó bá wá rí ibi tí fóltì ń fò láìsí àkókò kankan láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kúrú sí i, á máa kúrú sí i, títí á fi kígbe pé `timestep too small`, á sì jókòó. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń sọ ni pé ẹ ti fún òun ní nǹkan tí kò sí láyé: súwíṣì tó ń pa láìlo àkókò, dáyóòdù tí kò ní ìdíwọ́ kankan, kọ́ìlì tí wáyà rẹ̀ kò ní óòmù. Ẹ fi rẹsítọ̀ tín-ín-rín sí i lára, bí ti ayé gidi ṣe ní, á gbà.

Ẹni tó bá ti mọ èyí lè wá lọ yan ojú tó wù ú. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ darí èèyàn sí ni KiCad. Jean-Pierre Charras ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Grenoble nílẹ̀ Faransé ní 1992, fún yíya sákíìtì àti pátákó rẹ̀; CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà ní Geneva, bá wọn dá sí i lẹ́yìn náà. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2018, wọ́n ki ngspice sínú rẹ̀. Ní báyìí, ẹ lè fi asin ya sákíìtì, kí ẹ dán an wò, kí ẹ sì ya pátákó tí wọ́n máa tẹ̀ jáde láti inú àwòrán kan náà. Ẹni tí ìdánwò nìkan jẹ lógún kò nílò `kicad-packages3d`, àwòrán àwọn ẹ̀yà bí wọ́n ṣe rí lójú. Ó wúwo gan-an, dátà ló ń jẹ.

KiCad ní àléébù kan tó ń dá èèyàn dúró, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nínú àwòrán dáyóòdù rẹ̀, ẹsẹ̀ ìjáde ni nọ́ńbà 1, ẹsẹ̀ ìwọlé ni 2. SPICE ní tirẹ̀ máa ń ka ẹsẹ̀ ìwọlé kọ́kọ́. Bí ẹ bá so fáìlì àpèjúwe tí ẹ gbà níta mọ́ dáyóòdù yẹn láìwo bí ẹsẹ̀ ṣe bá ẹsẹ̀ mu, sákíìtì tó rí bó ṣe yẹ lójú á máa ṣe wèrè lábẹ́. Tábìlì kan wà nínú àwọn ẹ̀dà tuntun tí ẹ ti lè sọ ẹsẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ lọ. Ẹ ṣí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe níbòmíràn.

Qucs-S wà pẹ̀lú. Inú Qucs ló ti jáde, Qucs sì ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀ tí wọ́n kọ pẹ̀lú ọkàn lórí iṣẹ́ rédíò. Àwọn tó ṣe Qucs-S ní kí ó lè lo ngspice dípò rẹ̀. Ó máa ń gbé àwòrán ìgbì sórí ojú ewé kan náà pẹ̀lú sákíìtì, èyí dára fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá. Àwọn tó ń ya nǹkan inú ìgbì rédíò gíga fẹ́ràn rẹ̀. Xschem jẹ́ ti àwọn tó ń ya ẹ̀yà inú ike IC fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó ti ń gbòòrò láti 2020 tí Google àti iléeṣẹ́ SkyWater ti jẹ́ kí gbogbo ayé rí ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe ike oníwọ̀n nánómítà 130. Bí sákíìtì bá pọ̀ débi tí ngspice fi ń mí hẹlẹ, Xyce wà, èyí tí ilé ìwádìí Sandia ní Amẹ́ríkà kọ láti pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n tú u sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ní 2013. Ẹni tó ń tún áńpùlífáyà ṣe kò nílò rẹ̀.

Èyí tó wù mí láti sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀ ni eSim. Ní Íńdíà, IIT Bombay kó KiCad àti ngspice pọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n kọ ìwé ìkọ́ni sí i, wọ́n sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, ìjọba ló ń san owó iṣẹ́ náà. Wọ́n ní irú ìṣòro tí àwa náà ní: ètò olówó gọbọi, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, olùkọ́ tó ń di ojú sí ẹ̀dà ayédèrú. Èmi ò rí ìdí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ wa kò fi lè gba èyí tí wọ́n ti ṣe yẹn, kó sì máa lò ó láti sáà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ LTspice yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó yára, àpẹẹrẹ inú rẹ̀ sì pọ̀, àgàgà fún àwọn sákíìtì tó ń yí fóltì kan sí òmíràn. Mike Engelhardt ló kọ ọ́ nígbà tó wà ní Linear Technology, iléeṣẹ́ tí Analog Devices rà ní 2017. Windows ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ó ti pẹ́ tí àwọn ará Linux ti ń fi Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, gbé e. Ó ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ yín bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. KiCad ẹ̀dà kẹjọ, tó jáde ní 2024, lè ṣí àwòrán rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ló ń wá lọ sídìí Wine?

Fún Arduino, ẹ fi gbogbo èyí tí mo sọ sẹ́yìn sílẹ̀, ẹ wá SimulIDE. Ẹ̀ẹ́ gbé bọ́ọ̀dù síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ so LED àti bọ́tìnnì mọ́ ọn, ẹ̀ẹ́ ki kóòdù yín sí i, ẹ̀ẹ́ sì máa tẹ bọ́tìnnì náà pẹ̀lú asin bí ẹni pé ó wà níwájú yín. Òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn lára Proteus jù. Ẹ má kàn fi wọn fóltì tó nílò ìṣọ́ra. Àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn sọ pé kò wà fún ìyẹn. Fún ẹni tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ kọ́rẹ́ǹtì sí fóltì, èyí tí Paul Falstad kọ, tí Iain Sharp wá gbé wọ inú búráúsà, ló dára jù: kọ́rẹ́ǹtì ń rìn lójú yín bí àmì róbótó pupa rúsúrúsú, ẹ sì lè fi ìka yí rẹsítọ̀ kí ẹ wo bí ìrìn wọn ṣe ń lọ́ra. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sẹ́kọ́ńdìrì tó ní pírójẹ́tọ̀ kan lè fi kọ́ odindi kíláàsì.

Ti òdo àti ení, Carl Burch kọ Logisim, ó sì fi í sílẹ̀ ní 2014. Logisim-evolution ni àwọn mìíràn ń tọ́jú lọ. Digital tí Helmut Neemann kọ ní Jámánì yára jù ú lọ, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di Verilog, èdè tí wọ́n fi ń kọ irú sákíìtì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, Icarus Verilog àti GTKWave ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ìdáhùn rẹ̀ ò lè sàn ju àpèjúwe ẹ̀yà tí ẹ fún un lọ. `.model DD D` tí a kọ lókè yẹn jẹ́ dáyóòdù tí kò sí lọ́jà kankan: kò ní ìdíwọ́ nínú, kò sì sí fóltì tó lè fà á ya. 1N4007 gidi ń ya bí fóltì bá kọjá ẹgbẹ̀rún kan, ó sì ní òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀ jáde. Ẹ lọ gba àpèjúwe yẹn lọ́dọ̀ wọn. PSpice ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, ngspice sì lè kà á bí ẹ bá sọ fún un, KiCad ní bọ́tìnnì rẹ̀; èyí tí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tì pa nìkan ni kò ní ṣí. Tàràǹsífọ́mà náà ní óòmù nínú wáyà rẹ̀. Ẹ fi mítà wọn tiyín láti ẹnu kan dé ìkejì níbi tí fóltì ti ń jáde, kí ẹ fi rẹsítọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un láàárín V1 àti a. Òkè ìgbì yẹn á tún já sílẹ̀ sí i.

Tírànsísítọ̀ tí ẹ rà ní ọjà Alaba lè jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára rédíò àtijọ́, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ tó wà lára rẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí i sí. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Mítà tó ní ihò hFE lè sọ iye ìgbà tó ń sọ kọ́rẹ́ǹtì di púpọ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni BF nínú àpèjúwe rẹ̀. Ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ kọ èyí tí ẹ wọ̀n. Bákan náà ni ti kapásítọ̀ tó lómi nínú: wọ́n sábà máa ń fún un ní àyè ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sódò. Èyí tí wọ́n kọ 4700 sí lára lè má ju 3760 lọ lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́, ó sì ń dín kù bó bá ti ń gbóná láti ọdún dé ọdún. Torí náà, 3760u ni kí ẹ kọ síwájú C1, kí ẹ fi tàràǹsífọ́mà fóltì 15 sí V1 pẹ̀lú iná 180, kí ẹ wo bóyá isàlẹ̀ ìgbì náà ṣì ga ju 14. Ó ga jù ú lọ díẹ̀. Bí iná bá já sí 160, kò ní ga jù ú mọ́, ẹni tó fẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 7812 sílẹ̀, kó wá rẹ́gúlétọ̀ irú èyí tí ìyàtọ̀ kékeré tó fún.